Àpótí Tí Mi Ò Fẹ́ Kó Ṣófo

Ẹni tó bá mọ̀ mí á ti mọ̀ pé mi ò fẹ́ràn ìdọ̀tí, mi ò fẹ́ràn ariwo, mi ò sì fẹ́ràn àpótí òfìfo. Olùkọ́ kíláàsì kẹrin ni mí. Láti ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń kọ́ni, kò sí páálí kan tí mo gbé kọ́ ara ògiri tí ibì kan ṣófo nínú rẹ̀. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ní lọ́jọ́ tí mo bá kú, mà á ní kí wọ́n fi rúlà fa ilà sára pósí mi kí wọ́n tó sin mí.

Ní sáà yẹn, ìtàn ọmọ òrukàn àti ìyàwó baba rẹ̀ la ń kọ́. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilẹ̀ tí wọn kì í ti í pa ìtàn náà, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń pa á níbì kan kọ́ ni wọ́n ń pa á níbòmíì. Ọ̀nà jíjìn sì ni púpọ̀ nínú àwọn òbí kíláàsì mi ti wá, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀. Mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà ilé rẹ̀. Mo wá fa ilà sí páálí funfun gbàgàdà kan, mo pín in sí àpótí-àpótí tí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa kọ èsì sí, mo kọ ìbéèrè mẹ́rin sí òkè rẹ̀: Ta ló pa ìtàn náà fún ọ? Ta ló ran ọmọ náà lọ́wọ́? Ìwà ìkà wo ni ìyàwó baba rẹ̀ hù sí i? Báwo ló ṣe parí?

Ẹ wo ìbéèrè kẹta yẹn dáadáa. Èmi ò wò ó.

Ọmọ oníbúrẹ́dì ní ẹja ló ran ọmọ òrukàn lọ́wọ́. Ọmọ nọ́ọ̀sì ní rárá o, igi tó hù lórí sàréè ìyá rẹ̀ ni. Ọmọ káfíńtà, tí a ń pè ní Alátakò nítorí pé kì í gba nǹkan gbọ́, ní òun ò tíì rí ẹja tó mọ aṣọ rán rí. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n fìjà pẹ́ẹ́ta. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ti ìbéèrè kẹta, ẹnu wọn á kò. Ìkà kan ní kí ọmọ sùn sórí eérú, òmíràn ní kó fi apẹ̀rẹ̀ pọn omi. Àwọn àpótí mi ń kún, inú mi sì ń dùn.

Ọmọ tí a ń pè ní Atẹ́ẹ́rẹ́ ló mú òfìfo wá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ìyá rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́ta. Baba rẹ̀ ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sọ́nà jíjìn, ọ̀dọ̀ ìyàwó baba rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, ni ọmọ náà ń gbé. Gbogbo wa la mọ̀ pé ìyá àgbà tó bí ìyá rẹ̀ fẹ́ gbà á lọ, pé ẹ̀rí kan ṣoṣo ló ń wá tó máa gbé síwájú àna rẹ̀. Ó ti wá bi mí rí bóyá wọ́n ń lu ọmọ náà nílé. Mo ní mi ò rí àpá kankan.

Nínú ìtàn tí aránṣọ pa fún Atẹ́ẹ́rẹ́, àwọn ará àdúgbò ti kìlọ̀ fún ọmọ òrukàn náà pé májèlé ni ìyàwó baba rẹ̀ máa fún un, ni kò bá jẹun mọ́. Obìnrin náà ò bá a jà. Àwo kan ṣoṣo ló ń bu oúnjẹ sí. Òun á kọ́kọ́ jẹ ṣíbí kan, á wá sún àwo náà síwájú ọmọ. Ọdún méje ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà dàgbà, tó délé ọkọ, ó bu oúnjẹ sáwo, ó jókòó tì í, ó ń dúró de ẹni tó máa kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ibẹ̀ ló parí sí.

Mo bi í pé ìwà ìkà dà. Ó ní kò sí. Mo ní kò sí bí ìtàn yìí ṣe lè wà láìsí ìkà, kó padà lọ wá nǹkan kọ síbẹ̀. Alátakò ní aránṣọ ló dọ́gbọ́n yọ ọ́ kúrò, ṣebí ìyàwó baba lòun náà. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n bá a wí. Mi ò bá a wí, nítorí ohun tí èmi náà ń rò nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì àpótí náà ti kún. Atẹ́ẹ́rẹ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Ó fá orí ọmọ náà kodoro. Mo fi bíró pupa máàkì rẹ̀. Làpálàpá orí ti jà nínú kíláàsì wa lóṣù yẹn, èmi fúnra mi ni mo gbà kí Atẹ́ẹ́rẹ́ máa dé fìlà wá. Síbẹ̀ mi ò ro ọ̀rọ̀ náà jìnnà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, àwọn òbí wá wo iṣẹ́ ọmọ wọn. Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ dé. Ó fi awò ojú wo páálí náà, ó ń fi ìka tẹ̀ lé e títí ó fi dé ibi tí orúkọ ọmọ ọmọ rẹ̀ wà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó yíjú padà, ó ṣí fìlà orí Atẹ́ẹ́rẹ́. Orí ọmọ náà ń dán.

Aránṣọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù ni, teépù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ìyá àgbà ní, "Tíṣà, ẹ rí i? Ọmọ ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Òní yìí ló ń bá mi lọ."

Aránṣọ súnmọ́ páálí, òun náà kà á. Kò wo ìyá àgbà, ọmọ náà ló ń wò. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ ìyá àgbà kọ́ ló dùn ún, bí kò ṣe lẹ́tà róbótó-róbótó tí ọmọ náà fi kọ ọ́.

Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ojú tì mí, àmọ́ mo sọ fún wọn pé òfìfo ni ọmọ náà kọ́kọ́ mú wá, pé èmi ni mo ní kó lọ wá ìkà kún un. Ìyá àgbà bi mí bóyá èmi náà ni mo fá a lórí. Mo ní làpálàpá ló fà á, ó ní ohun tí ọmọ kọ kọ́ nìyẹn.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, èmi sì ti fi odidi páálí ṣe bẹ́ẹ̀. Mo lóṣòó síwájú Atẹ́ẹ́rẹ́, mo ní, "Kí ló kù tí o ò kọ?"

Ó ní, "Ìkà lẹ ní ká kọ síbẹ̀, Mà. Èyí tó kù kì í ṣe ìkà."

"Sọ ọ́ fún wa."

"Nígbà tí wọ́n fá tèmi tán, mo ń sunkún pé àwọn ọmọ kíláàsì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n wá gbé kílípà lé mi lọ́wọ́, wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n ní kí n fá tiwọn náà."

Aránṣọ tú ìborí rẹ̀. Orí náà rí págunpàgun, ibì kan kù, ibì kan pá. Kò sí onígbàjámọ̀ tó máa fá irú rẹ̀.

Ìyá àgbà wò ó títí. Ó ní, "O ò wá jẹ́ kí wọ́n bá ọ tún un ṣe?"

Aránṣọ ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni, Mà. Mi ò fẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn án."

Ìyá àgbà dé fìlà náà padà sórí ọmọ, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ dáadáa sí ẹ̀gbẹ́ etí méjèèjì. Ó mú báàgì rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ní òun ń bọ̀ wá jẹun nílé wọn lọ́jọ́ Àìkú, kí wọ́n bu tòun mọ́ tiwọn sínú àwo kan náà. Òun nìkan ló lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, mo lẹ bébà funfun bo àpótí yẹn. Alátakò nawọ́, ó ní Mà, ibì kan ti ṣófo níbẹ̀ o. Mo ní mo mọ̀.