Búrẹ́dì Tí Ẹnikẹ́ni Kò Jẹ

Láti ìgbà ọmọge ni mo ti ń ṣe búrẹ́dì nídìí ààrò ẹlòmíràn. Èyí tí ìdí rẹ̀ bá jóná nìkan ni mo lè mú lọ sílé. Nígbà tí mo di ẹni ọgọ́ta ọdún, èmi àti baálé mi ṣí ilé búrẹ́dì sí yàrá iwájú ilé wa. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́: kí èèyàn jẹ búrẹ́dì, kó mọ̀ pé èmi ni mo ṣe é.

Orúnkún mi kò gba ìdúró mọ́, nítorí náà baálé mi ló ń tajà. Ojú fèrèsé ọ́fíìsì ìjọba ló ti ń lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé àwọn èèyàn títí ó fi fẹ̀yìn tì.

Mẹkáníìkì àdúgbò ló kọ́kọ́ wọlé.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ fún mi ní búrẹ́dì kan."

"Jókòó. Ta ló mọ̀ ọ́ ládùúgbò yìí?"

"Ẹ̀yin náà kẹ̀! Àná ni mo tún ọkọ̀ yín ṣe."

"Ìyẹn ò kan ibi iṣẹ́. Mú ẹni tó mọ̀ ọ́ wá lọ́la."

Mo yọjú láti ìdí ààrò. "Bàbá wọn, búrẹ́dì ló ní kí ẹ ta fún òun o, kì í ṣe pé ó wá fẹ́ ọmọ yín."

"Ìyá wọn, fi mí sílẹ̀. Ohun téèyàn bá rí gbà wéré, kì í kà á sí."

Mo gbà pé ó ti parí fún wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, mẹkáníìkì wọ kóòtù, ó so tai, ó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá. Baálé mi ní ta ló mọ ẹ̀gbọ́n. Mo ṣẹ́jú sí mẹkáníìkì pé kó gba ẹ̀yìnkùlé wá, kí n fún un ní ọ̀kan.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ má ba tèmi jẹ́," ló wí. "Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àga ò tó mọ́. Ẹni tí baálé mi bá lu òǹtẹ̀ mọ́ ọ̀rá búrẹ́dì rẹ̀, ijó ló ń jó jáde. Ọ̀gá Òǹtẹ̀ ni wọ́n ń pè é.

Mo bi tẹ́lọ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó rí gbà, bí tiẹ̀ ṣe rí lẹ́nu.

"Lẹ́nu kẹ̀? Ìyá, ta ló máa jẹ irú ẹ̀? Orí tẹlifíṣọ̀n ló wà. Ìyá ọkọ mi rí i, ẹnu ẹ̀ wọhò."

Ọ̀rọ̀ yẹn ta mí ju iná ààrò tó bó mi lápá lọ. Mo gbé búrẹ́dì gbígbóná kan wá sáàárín àwọn tó jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á ya.

"Ta ló fọwọ́ sí i?" baálé mi kígbe.

"Èmi tí mo po ìyẹ̀fun rẹ̀ ni."

Ẹnikẹ́ni kò nawọ́. Mẹkáníìkì la ẹnu láti bẹ̀ mí. Mo ti ègé kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kò lè tu ú dànù níwájú Ọ̀gá Òǹtẹ̀. Ó jẹ ẹ́, ó ń wo àjà, ó gbé e mì.

"Ìyá, ẹ má bínú o. Iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù."

Baálé mi káwọ́ lérí. Mo fa àga kan, mo jókòó ti mẹkáníìkì.

"Sọ ọ́ kí n gbọ́," ni mo wí. "Ó pọ̀ tó báwo?"