Ẹni Tó Ṣẹ́kù sí Kùmásì

Nígbà tí Qudrah sọ fún olùkọ́ rẹ̀ ní yunifásítì, Dókítà Olóyèdé, pé òun fẹ́ kọ ìwé àṣejáde òun lórí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ àwọn aráàlú tí kò gbé ìbọn, ní àwọn ilẹ̀ òkèèrè tí ogun ti jà, ọkùnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì bi í pé ọmọ ibo ni.

"Òsí ni, sà. Lọ́nà Ararọ̀mí-Ọ̀pin."

"Ṣé kò sí arúgbó ní Òsí ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Qudrah díẹ̀, torí ìwé tó ti kà lórí ogun àwọn ẹlòmíràn kò kéré. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ṣe gbé e kúrò ní Ìlọrin lọ́jọ́ Ẹtì, tí wọ́n kọjá Òmù-Àrán, tí àwọn òkè olókùúta bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí nínú igbó, ó rántí pé Kùmásì ní ilẹ̀ Gánà ni wọ́n bí ìyá bàbá òun, Màmá Hajarat, sí, kì í ṣe Òsí. Gbogbo ilé ló mọ èyí. Bí wọ́n ṣe kúrò níbẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Bí èèyàn bá bèèrè, Màmá Hajarat á ní, "Wọ́n lé wa, a wálé," wọ́n á sì yí ọ̀rọ̀ sí ti oko.

Ìgbà kajú ni. Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Qudrah bá Màmá jókòó sábẹ́ ìbòòji ẹ̀yìnkùlé, wọ́n jọ ń já kóró kajú kúrò lára èso rẹ̀. Oje rẹ̀ ti wọ aṣọ àwọn méjèèjì. Qudrah gbé fóònù rẹ̀ ka orí àpótí kó lè máa gba ohùn sílẹ̀, ó ṣí ìwé tó kọ ìbéèrè sí.

"Màmá, mo fẹ́ kí ẹ sọ ọ̀rọ̀ Gánà fún mi. Ti ilé ìwé ni."

"Kí ni ilé ìwé fẹ́ fi ṣe?"

"Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí ojú àwọn èèyàn rí. Ìjọba kọ tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin ò kọ tiyín."

Màmá já kóró bíi márùn-ún sí i kí wọ́n tó dáhùn. "Ó dáa. Bèèrè."

Qudrah bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè bí ọlọ́pàá tó ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ọdún wo ni? Èèyàn mélòó ló wà nínú ọkọ̀? Ta ló pàṣẹ? Màmá sì ń fi sùúrù dá a lóhùn. Rédíò ló sọ ọ́, lọ́dún 1969, pé àjèjì tí kò bá níwèé ìgbélùú gbọ́dọ̀ jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Inú ààwẹ̀ Ràmàdáánì ni wọ́n wà. Bàbá wọn, Sulaiman, ń ta abọ́ tánganran lọ́jà. Ìyá wọn ti kú lọ́dún mẹ́fà ṣáájú, lórí ìkúnlẹ̀ àbúrò wọn.

"Àbúrò wo?" ni Qudrah bèèrè. Kò gbọ́ rí pé Màmá ní àbúrò kan.

"Ṣítù," ni Màmá wí. Wọ́n tún pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kejì, wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń tọ́ ọ wò lẹ́nu. "Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀yìn mi ló ti mọ ayé. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìrìn, èmi ni mo ń mú un lọ sílé kéwú. Ọwọ́ òsì ló fi ń jẹun. Mo lù ú títí, kò gbà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́.

"Ìyá Akosua, ará Gánà tí àwa pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń gbé, ó sunkún jù wá lọ. Ó bẹ bàbá mi pé kó fi àwa ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun títí ara á fi rọ ìlú. Bàbá mi ní rárá, ulé là ń lọ. Ni Ṣítù bá bi mí pé, 'Ilé wo? Ṣebí ilé nìyí.' Èmi náà ò dé Òsí rí."

"Báwo lẹ ṣe dé ibi ọkọ̀?"

"Ẹsẹ̀ la fi rìn. Gáréèjì kún bí ọjọ́ ọdún. Ẹrù wà lórí mi, apẹ̀rẹ̀ abọ́ tó kù fún bàbá mi láyé. Mo di Ṣítù mú lọ́wọ́. Bí ọkọ̀ ṣe fẹ́ gbéra, àwọn ọkùnrin kan yọ pẹ̀lú kùmọ̀. Wọn kì í ṣe ṣójà, wọn kì í ṣe ọlọ́pàá. Èèyàn bíi tiwa ni wọ́n. Wọ́n ń lu ẹni tí wọ́n bá rí, wọ́n ń já ẹrù gbà. Wọ́n fọ́ bàbá mi lórí. Ẹnìkan fa apẹ̀rẹ̀ orí mi."

Ewúrẹ́ kan wá ń jẹ èso kajú tí wọ́n dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, Màmá kò lé e.

"Ọwọ́ tí mo fi di ọmọ mú, Qudrah, òun ni mo fi gbá apẹ̀rẹ̀ mú."

Qudrah kò lè kọ nǹkan kan mọ́. Ó na ọwọ́ sí fóònù láti pa á.

"Má pa á," ni Màmá wí. "Ìwọ lo bèèrè. Àwọn èèyàn tì mí sínú ọkọ̀, ọkọ̀ sì gbéra. Mo ń pariwo orúkọ rẹ̀, àwọn ẹlòmíràn náà ń pariwo orúkọ tiwọn. Bàbá mi bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lójú, ó padà. Ẹni tí mi ò mọ̀ rí ló mú mi dé Òsí. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni bàbá mi dé, òun nìkan. Títí tó fi kú, kò bi mí pé báwo ni ọwọ́ mi ṣe tú. Ì bá ti bi mí. Ì bá ti nà mí pàápàá."

Lọ́jọ́ yẹn, àwọn méjèèjì jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi yí ìbòòji kúrò lórí wọn.

Nígbà tí Qudrah padà sí Ìlọrin, Dókítà Olóyèdé ka ohun tó kọ tán. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé pé òfin ìwádìí ni kí a fi orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀ pamọ́, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́ kó hàn. Qudrah pe Màmá lórí fóònù.

"Kí ni mo jí tí màá fi sá pamọ́?" ni Màmá bèèrè. "Kọ orúkọ mi. Kọ ti Ṣítù ṣáájú tèmi. Kò sí níwèé kankan láyé yìí, kò sì ní sàréè tí mo mọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Nígbà tí Qudrah gbé ìwé ìyọ̀ǹda lọ sílé, kò sọ pé kí Màmá tẹ ìka. Màmá gba bírò, wọ́n sì fi lẹ́tà Lárúbáwá tí wọ́n kọ́ ní Kùmásì kọ orúkọ ara wọn, díẹ̀díẹ̀, láti ọ̀tún wá sí òsì.

Dókítà Olóyèdé mọ olùkọ́ kan ní Kùmásì. Ó ní kí Màmá sọ̀rọ̀ sínú fóònù, kí wọ́n sọ orúkọ, ọdún àti àdúgbò, òun á fi ránṣẹ́. Qudrah kò fẹ́. Ó ń bẹ̀rù pé ìrètí lè ṣe arúgbó léṣe ju ìbànújẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n Màmá ti wẹ̀, wọ́n ti wé gèlè, wọ́n jókòó ti fóònù bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò.

Ó tó oṣù kan kí èsì tó dé. Bàbá kan wà ní Sóńgò, àdúgbò àwọn àjèjì níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ṣítù Aláta, torí Aláta ni wọ́n ń pe Yorùbá. Obìnrin ará Gánà kan ló tọ́ ọ. Kẹ̀kẹ́ ológeere ló ń tún ṣe, ó sì ti kú lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn. Ó fi ọmọbìnrin kan sáyé, Ameerah.

Qudrah wọ ọkọ̀ lọ sílé, kò lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù. Màmá gbọ́ ọ tán, wọ́n sì ní, "Innà lillāhi." Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí Qudrah pe ọmọ náà.

Ameerah kò gbọ́ Yorùbá. Hausa ni òun àti Màmá fi bá ara wọn sọ̀rọ̀, pẹ̀lú èdè Kùmásì tó ti dógùn-ún lẹ́nu Màmá. Qudrah gbọ́ tí wọ́n ń bèèrè, tí wọ́n ń tún bèèrè. Nígbà tó yá, wọ́n gbé fóònù kalẹ̀.

"Mo bi í pé ọwọ́ wo ni bàbá rẹ̀ fi ń jẹun. Ó ní ọ̀tún ni."

"Màmá…"

"Ẹni tó tọ́ ọ lè ti nà án títí tó fi yí i padà. Ó sì lè má jẹ́ òun. Ó ní bàbá òun máa ń sọ pé òun ní ẹ̀gbọ́n kan, ṣùgbọ́n bàbá náà ò rántí orúkọ ẹ̀gbọ́n ọ̀hún." Màmá nu ojú pẹ̀lú etí gèlè. "Ṣítù ń lọ sí gáréèjì yẹn pẹ̀lú orúkọ mi lẹ́nu, Qudrah. Ṣé ó lè gbàgbé ẹ̀?"

Nínú gbogbo ìwé tí Qudrah kà, kò rí ibi tí wọ́n ti kọ bí ọmọ ọdún mẹ́fà ṣe ń gbàgbé.

"Kí ni kí n kọ, Màmá?"

"Má kọ pé a rí i. Má sì kọ pé ó kú. Kọ ọ́ pé a ṣì ń wá a."

Bó ṣe kọ ọ́ nìyẹn, nígbà tí àwọn tó yẹ ìwé náà wò sì bi í léèrè ìdí tí orí kẹta kò fi ní ìparí, ó ní ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí ni. Wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀.

Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ báyìí, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Ameerah máa ń pe Òsí láti Kùmásì. Ó ń pe Màmá ní Kaka, bí Hausa ṣe ń pe ìyá àgbà. Màmá kì í bi í ní ìbéèrè kankan mọ́ nípa bàbá rẹ̀. Wọ́n á bèèrè bí ọjà ṣe rí, bóyá òjò ti rọ̀, bóyá igi ńlá tó wà níwájú mọ́sálásí àtijọ́ ṣì dúró síbẹ̀. Wọ́n á wá fi etí ti fóònù pẹ́, kódà bí Ameerah bá ti dákẹ́, wọ́n á máa gbọ́ ariwo àdúgbò náà lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ̀, adìyẹ, àti àwọn ọmọ tó ń pe ara wọn.