Ohun Tó Wà Nínú Oúnjẹ Ọ̀gá

Eérú. Mo tún un kà, ó ṣì wà níbẹ̀ — eérú, lẹ́yìn ọ̀rá, ṣáájú omi. Ta ló ń bu eérú sí oúnjẹ ajá? Níwájú àpò, àwòrán adìyẹ pupa kan dúró nínú koríko tútù, ó na àyà síwájú bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò. Lẹ́yìn àpò, eérú. Mo bi ẹni tó ń tajà, ó ní àwọn náà bá a níbẹ̀ ni. Mo gbé e sílẹ̀. Mo tún gbé e.

Kó má lọ jẹ́ pé èmi ni mò ń fi ọwọ́ ara mi pa ajá ìyá mi.

Nítorí Ọ̀gá ń sanra. Ajá tí kò ju ológbò lọ, tí ìyá mi ń há sábẹ́ apá bí àpamọ́wọ́, ó ti di ìrọ̀rí. Tó bá gun àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà wa báyìí, á dùbúlẹ̀, á máa mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. Dókítà ẹranko gbé e sórí ìwọ̀n, ó wo ìwọ̀n, ó wá wojú mi bí ẹni pé èmi ni mo gorí ẹ̀. Ó ní ọkàn tó wà nínú ara kékeré yẹn ò lè ru ẹrù yìí pẹ́. Ó ní kí n lọ wo ohun tó wà nínú oúnjẹ tí mò ń fún un. “Ẹ má wo iwájú àpò, mà. Ẹ̀yìn ni kí ẹ kà.”

Ẹ̀yìn náà rèé. Mò ń kà á, kò yé mi.

Àbúrò mi, tí mo fi ẹ̀yìn ara mi pọ̀n, òun náà ti di alága lórí ọ̀rọ̀ yìí. “Ẹ̀gbọ́n mi, tó bá di Sátidé tí ajá yẹn ṣì rí báyìí, màá wá gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ ajá í tọ́.” Kò mọ ohun tó ń sọ. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, Ọ̀gá ni Màmá ń kọ́kọ́ kí láàárọ̀. Ọ̀gá ni wọ́n ń bá jiyàn lórí ìròyìn. Tí wọ́n bá gbé Ọ̀gá kúrò nílé yẹn, ta ni Màmá á máa bá sọ̀rọ̀ nígbà tí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi? Ògiri?

Jẹ́ kí n fara balẹ̀. Dókítà ní ohun tó bá wúwo jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ. Ó dáa. Àpò méjì ló wà lọ́wọ́ mi báyìí. Ti ọwọ́ ọ̀tún: adìyẹ ló ṣáájú. Ẹran gidi nìyẹn. Àmọ́ ó tún ní… kí ló ní? Pé ẹran tútù, omi ló pọ̀ nínú rẹ̀, omi yẹn ni wọ́n wọ̀n mọ́ ọn. Tí wọ́n bá ti yan án gbẹ, ó lè bọ́ sẹ́yìn àgbàdo. Adìyẹ tó ṣáájú kò ṣáájú nìyẹn. Àpò ọwọ́ òsì: ẹran adìyẹ gbígbẹ, lílọ̀. Ó dún bí ohun tí wọ́n gbá nílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ẹran inú ìyẹn lè pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó lè pọ̀, ó sì lè má pọ̀, ó kù sọ́wọ́ ẹni tó lọ̀ ọ́. Èmi wá mọ ẹni tó lọ̀ ọ́?

Àgbàdo náà wá ń dà mí láàmú. Àgbàdo lílọ̀. Èèpo àgbàdo. Ohun tó ṣẹ́ kù lára àgbàdo. Àgbàdo kan náà ni wọ́n pín káàkiri kó má baà ṣáájú adìyẹ, ọgbọ́n àlùmọ́kọ́rọ́yí. Tó bá jẹ́ aṣọ ni, ǹ bá fọwọ́ pa á, ǹ bá mọ èyí tó jẹ́ òwú àti èyí tó ń díbọ́n. Èwo ni kí n fọwọ́ pa níbí?

“Fún ajá kékeré,” wọ́n kọ ọ́ sára méjèèjì. Kí ló kéré níbẹ̀? Hóró rẹ̀ ló kéré, kó lè gba ẹnu Ọ̀gá. Ọ̀rá inú rẹ̀ kò kéré. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló yẹ kó jẹ… àmọ́ ìwọ̀nba díẹ̀ náà ni mò ń fún un. Ife kékeré tó bá àpò wá ni mo fi ń wọ̀n ọ́n, mo tún ń fi ìka gé orí rẹ̀ kó tẹ́jú. Kì í sì í jẹ ẹ́ tán.

Dúró ná.

Kì í jẹ ẹ́ tán. Lánàá, èèrà ló bá mi kó àbọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá gbóòórùn rẹ̀, ó yí ìdí sí i, ó lọ jókòó sẹ́sẹ̀ Màmá. Mo rò pé kò dùn lẹ́nu rẹ̀ ni, mo lọ ra òmíràn, ó fi imú ti ìyẹn náà. Ajá tí kò jẹun, kí ló ń fi sanra? Afẹ́fẹ́?

Àbúrò mi ló ń fún un ní bisikíìtì. Rárá, ó ti pẹ́ tó ti dé ilé wa kẹ́yìn. Obìnrin ilé kejì? Ìyẹn ń sá fún Ọ̀gá fúnra rẹ̀. Mo ti bẹ Màmá, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fún un ní nǹkan kan. Wọ́n ní, “Kí ni mo fẹ́ fún un? Ṣé o rí nǹkan tó ṣẹ́ kù nínú àwo mi ni?” Òótọ́ ni. Nǹkan kan kì í ṣẹ́ kù. Mo máa ń gbé oúnjẹ ọ̀sán tì wọ́n, màá padà sídìí maṣíìnì, tí mo bá fi máa dé, àwo ti mọ́ tónítóní. Kò sí hóró ìrẹsì kan. Inú mi a máa dùn sí àwo yẹn. Mo pe àbúrò mi, mo ní fọkàn balẹ̀, Màmá ń jẹ ẹ́ kanlẹ̀.

Màmá… kanlẹ̀?

Ìyá mi tí kò jẹ àwo kanlẹ̀ rí. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé — etí wa fẹ́rẹ̀ẹ́ di fún òwe yẹn. Kódà nígbà tí ẹran kò tó, wọ́n á ṣẹ́ díẹ̀ kù fún ọmọ tó máa fọ àwo. Èmi ni mò ń fọ àwo nígbà náà. Èmi ni mò ń jẹ ẹ́.

Ahọ́n ló fọ àwo yẹn mọ́.

Rárá. Àpò ọwọ́ ọ̀tún, adìyẹ, àgbàdo… rárá. Kaba wọn. Wọ́n ní ó ń bọ́ léjìká, mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sínú. Wọ́n tún ní ó ń bọ́, mo tún gbà á sínú, mo ń ṣàwàdà pé aṣọ òde òní ń dàgbà. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni mo tú okùn àyà Ọ̀gá, mo rán aṣọ lé e kó lè yí i ká. Orí maṣíìnì kan náà. Mò ń gba ti ìyá mi sínú, mò ń fẹ ti ajá — èmi aránṣọ, tí mo ń fi ojú lásán mọ ìwọ̀n obìnrin láti ẹnu ọ̀nà.

Kí ló dé tí wọn ò sọ? Ṣé eyín ni? Ṣé ọbẹ̀ mi ni? Àbí nǹkan ń dùn wọ́n nínú, tí wọn ò fẹ́ kí n mọ̀… Wọ́n ń wò mí tí mò ń gbé àwo òfìfo jáde tìdùnnú-tìdùnnú. Wọ́n tún ń kí mi, wọ́n ní oúnjẹ náà dùn.

Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ti ka ẹ̀yìn gbogbo àpò tó wà lórí pẹpẹ yìí, mo ṣì dúró síbẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, bí ẹni tó fẹ́ wọ̀n wọ́n. Èyíkéyìí tí mo bá mú, kò sóhun tó máa yí padà. Ọ̀gá yó. Ìyá mi ni kò jẹun.