A Kì Í Dákẹ́ Sí Ẹni Tó Ń Sunkún

“Ọlọ́run mọ̀,” ni Mọ̀dínátù wí, ó tún dákẹ́. Ilẹ̀ consultorio, ọ́fíìsì ìgbaninímọ̀ràn ìjọba, ló tẹjú mọ́.

Yẹ́misí jókòó sí iwájú rẹ̀, kò fọhùn. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nídìí iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn ní Padova, ní Italy, nìyẹn: wo ẹni tó wá bá ọ lójú, panu mọ́, jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán. Ohun tó bá dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni lóòótọ́, àmọ́ ta ní í rojọ́ fún ògiri?

Dottoressa Bressan, ọ̀gá tó ń kọ́ Yẹ́misí níṣẹ́, mú bírò, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé obìnrin yìí kì í woni lójú, ó sì ń fi nǹkan pamọ́. Ọjọ́ kọkànlá rèé tí wọ́n ti gba Qaanitah, ọmọ ọdún mẹ́fà, lọ́wọ́ Mọ̀dínátù ìyá rẹ̀, nítorí pé àwọn ọlọ́pàá bá ọmọ náà níwájú ilé ìwé nírọ̀lẹ́, òun nìkan, nínú òtútù. Ìwé tí dottoressa ń kọ yìí ni adájọ́ máa kà lọ́la kó tó pinnu bóyá ọmọ á padà sílé.

Inú bí Yẹ́misí. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ síwájú àgbà obìnrin náà, ó pa èdè Italy tì.

“Ìyá Qaanitah, ẹ kú ìrọ́jú. Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an?”

“Sciopero ni, àwọn awakọ̀ daṣẹ́ sílẹ̀. Bọ́ọ̀sì kankan ò kúrò ní zona industriale, níbi iléeṣẹ́ wa.”

“Hẹ̀n-ẹ́n.”

“Ni mo bá fẹsẹ̀ rìn.”

“Yéè! Nínú òjò dídì yẹn?”

“Wákàtí méjì, àbúrò mi. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tí màá fi débẹ̀, wọ́n ti gbé e lọ.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún wọn?”

“Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Wọ́n kàn ń wò mí ni, wọn ò dáhùn. Mo ní wọ́n ti dá mi lẹ́bi tán nìyẹn. Ìwọ náà kúkú ń wò mí.”

Ojú ti Yẹ́misí gan-an. Mọ̀dínátù bú sẹ́kún.

“Basta!” Dottoressa Bressan fi ọwọ́ lu tábìlì. “O ń já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀! Gbígbọ́ niṣẹ́ wa.”

“Nílé wa, dottoressa, ẹni tí kò dáhùn kò gbọ́. Ilẹ̀ tó ń wò yẹn, ọ̀wọ̀ ló fi ń bù fún yín.”

Dottoressa ti ìwé náà sí i. “Fọwọ́ sí i.”

Yẹ́misí fàáké kọ́rí. Ó fa abala ìwé tuntun yọ, ó wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Mọ̀dínátù. Ó bi í ní wákàtí tó kúrò níbi iṣẹ́, ó bi í ní ọ̀nà tó gbà, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ ní èdè Italy tó dán mọ́rán. Nígbà tó parí, ó buwọ́ lù ú.

“Èmi fúnra mi ni màá gbé e lọ bá adájọ́,” ló wí.

“O mọ̀ pé mi ò ní fún ọ ní ìwé ẹ̀rí rẹ mọ́?”

“Mo mọ̀,” ni Yẹ́misí dáhùn. “Ẹ di ìwé ẹ̀rí yín mú. Ọmọ ni ìyá Qaanitah wá gbà.”