Fọ́tò Tó Kọ̀ Tí Kò Ṣí

Láyé ìgbà tí kọ̀ǹpútà ṣì máa ń kùn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, Ìyá Onífọ́tò jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ níwájú ilé, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Àlejò kan ti dé láàárọ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n ìyá náà tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ló rán òun wá mú ọmọbìnrin ìyá náà lọ síbi iṣẹ́. Ìyá bá kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fọ́tò ẹni tí ẹ rán ránṣẹ́."

Èsì ti dé. Kọ̀ǹpútà fi í sáàárín àwọn fọ́tò, ó sì fi àmì fọ́tò sí i lórí. Ṣùgbọ́n bí Ìyá ṣe tẹ̀ ẹ́ tó, kò ṣí.

"Ẹ pa á rẹ́ jàre, Màmá," ni àlejò náà wí lẹ́nu ọ̀nà. Láti ìgbà tó ti dé, kò tíì fìdí lé àga. "Ó ti bàjẹ́ ni. Ẹ má jẹ́ kílẹ̀ ṣú mọ́ wa."

Ọmọbìnrin náà gbé báàgì kọ́ èjìká. "Màmá ti sọ yín di oníbàárà nìyẹn. Wọ́n á ní, 'Ẹ padà wá lọ́la, fọ́tò yín ò tíì jáde.'"

Àlejò rẹ́rìn-ín ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn méjèèjì jáde lọ di ẹrù sínú ọkọ̀.

Ìyá tún wo nǹkan náà. Fọ́tò ẹ̀gbọ́n òun kì í gba àyè tó báyìí lórí kọ̀ǹpútà. Oníbàárà sì máa ń gbé irú ẹ̀ wá, èyí tí kọ̀ǹpútà á pè ní ohun tí kò jẹ́. Àbí ohùn ni? Ó fi ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ orin lórí kọ̀ǹpútà ṣí i.

Ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló jáde.

"Àbúrò mi, mo pè ọ́ títí, kò wọlé. Mi ò rán ẹnikẹ́ni! Má jẹ́ kí ọmọ yẹn bá a kúrò nílé o!"

Bí ìyá bá pariwo, ọkọ̀ á gbé ọmọ lọ. Ó rọra jáde bí ẹni tó fẹ́ gbatẹ́gùn.

Ọkọ̀ ti ń dún. Ọmọ ti jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣì wà nílẹ̀. Àlejò di ilẹ̀kùn mú, ó ń dúró de ẹsẹ̀ náà.

"Fọ́tò yẹn ti wá ṣí, Màmá?"

"Níbo! Ó ti bàjẹ́ bí ẹ ṣe wí." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ọmọ mi, sọ̀kalẹ̀ kí n yà ọ́ ní fọ́tò kan péré. Ṣé bó o ṣe máa lọ nìyẹn?"

"Ẹ wo Màmá mi o!"

"Wọ́n á yà á níbẹ̀," ni àlejò wí. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀.

Ìyá náà gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé ilẹ̀kùn. Ìgbà náà ni ọmọ wo ojú ìyá rẹ̀ dáadáa. Ó gbé ẹsẹ̀ kejì sílẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀.

Ọwọ́ àlejò ò tíì kúrò lára ilẹ̀kùn.