Dò Tàbí Mí

Eyín náà ti mì, kò sì tíì fẹ́ jáde, nígbà tí fóònù gbọ̀n lórí àwo irin. Dókítà eyín kò wò ó. Ó di ẹ̀mú mú ṣinṣin, ó tẹ eyín náà sọ́tùn-ún, ó tẹ̀ ẹ́ sósì, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe. Fóònù tún gbọ̀n, ẹ̀mú sì yọ̀ lórí eyín náà. Ó yọ ẹ̀mú kúrò lẹ́nu ọkùnrin náà kí ó má baà ṣe é léṣe.

"Dókítà," ni gbẹ́nàgbẹ́nà tó wà lórí àga wí, ètè rẹ̀ ti kú nítorí abẹ́rẹ́, "èwo nínú àwa méjèèjì gan-an ni ẹ̀rù ń bà?"

"Ẹ la ẹnu dáadáa. Kò ní dùn yín."

"Ohun tí ẹ wí níjọ́sí náà nìyẹn."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Ó ju dókítà lọ lọ́jọ́ orí, ó sì ti bá a ṣiṣẹ́ pẹ́ débi pé láti inú bí ó ṣe ń mí, ó lè mọ̀ bóyá eyín yóò fọ́. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti àwo irin náà súnmọ́ ògiri. "Ẹ parí iṣẹ́ ọwọ́ yín ná," ó wí jẹ́jẹ́. "Fóònù ò ní ẹsẹ̀ tó máa fi sá lọ."

Eyín jáde. Dókítà jù ú sínú abọ́, ó fi òwú dí ojú ihò náà, ó ní kí ọkùnrin náà pa ẹnu dé. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fọwọ́. Lẹ́yìn náà ni ó tó gbé fóònù.

"Won o gba a. Mo fe wo baalu. A o soro lale."

Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ ni. Wọn ò gbà á. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà lè ti rò ó dáadáa kí ó sì yí padà. Kò yí padà. Wọn ò gbà á.

Ọkùnrin tí gbogbo òbí ń pè ní Òṣùwọ̀n ló fi í ránṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó gbé èsì ìdánwò ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama yẹ̀ wò, kí ó ka àròkọ rẹ̀, kí ó fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, kí ó sì sọ bóyá àwọn yunifásítì ńlá yóò ṣílẹ̀kùn fún un, àwọn tí ogunlọ́gọ̀ ń kan ilẹ̀kùn wọn, tí ìwọ̀nba díẹ̀ sì ń wọlé. Kì í ṣe ẹlẹ́nu dídùn. "Èmi kì í ṣe aríran, Dókítà," ó ti wí fún un. "Mo ń wọn nǹkan ni. Ohun tí mo bá wọ̀n, òun ni màá sọ." Dókítà fúnra rẹ̀ ló sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má ṣàlàyé kankan. Gbólóhùn kan péré ni kí ó fi ránṣẹ́. Àyà rẹ̀ kò gba àlàyé.

Òní ni ọ̀rọ̀ náà yóò sì parí sí. Yunifásítì kékeré kan nítòsí ti fún ọmọ rẹ̀ obìnrin láyè. Bí ọmọ náà bá tẹ 'bẹ́ẹ̀ ni' lórí kọ̀ǹpútà kí ilẹ̀ tó ṣú, àyè náà di tirẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kò ní jẹ́ kí ó kọ̀wé sí ọ̀kankan nínú àwọn ńlá mọ́. Bí kò bá sì tẹ̀ ẹ́, àyè náà lọ nìyẹn, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì ṣófo títí àwọn ńlá yóò fi dá a lóhùn.

"Kí ni wọ́n wí?" ni nọ́ọ̀sì béèrè.

Ó na fóònù sí i. Nọ́ọ̀sì gbé e jìnnà sójú, nítorí orí ni awò rẹ̀ wà.

"Wọn ó gbà á!" ó pariwo. "Ẹ kú oríire! Èmi ti mọ̀. Ọmọ tó ti ń ka ìwé inú páálí oògùn láti kékeré!"

"Àǹtí, ẹ rọra. Wọn ò ni. Wọn ò gbà á."

"Ta ló fi àmì sí i?"

"Kò sí àmì níbẹ̀."

"Ó dáa. Èmi fi mí sí i, ẹ̀yin fi dò sí i. Kí ló sọ tiyín di òótọ́, tó sọ tèmi di irọ́?" Ó yíjú sí gbẹ́nàgbẹ́nà. "Bọ̀dá, ẹ bá wa dá a. Dò ni àbí mí?"

Ọkùnrin náà ronú, ojú rẹ̀ le bí ojú adájọ́. Òwú kò jẹ́ kí ó lanu, nítorí náà ó fi imú kọ ọ́. Ohùn náà kò gòkè, kò sì sọ̀ kalẹ̀.

"Re nìyẹn," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ ṣeun, Olúwa mi Adájọ́." Ó padà sí dókítà. "Ẹ tún wò ó. 'A o soro lale.' Báwo lẹ ṣe ka ìyẹn?"

"A ó sọ̀rọ̀ lálẹ́."

"Ẹ ò kà á ní a ò sọ̀rọ̀?"

"Ìyẹn ò ní ìtumọ̀ kankan."

"Hẹn-ẹn," ni nọ́ọ̀sì wí, ó sì dá fóònù padà fún un.

Dókítà pe Òṣùwọ̀n. Ohùn tútù kan ní wọ́n ti pa fóònù náà. Ó tún un pè nígbà tí gbẹ́nàgbẹ́nà lọ, ó tún un pè nígbà tí aláìsàn mìíràn ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ohùn tútù náà kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Ó ṣiṣẹ́ títí di ọ̀sán. Ó mú dígí nígbà tó yẹ kí ó mú abẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Ó mọ ejò tirẹ̀. Ọdún kan wà tí ọmọ náà pẹ́ lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kọ̀ tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́, tí òun, ìyá rẹ̀, sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń fi etí wá bàtà àwọn dókítà. Kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó lanu ni òun ti gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ wí. Ọmọ náà yè. Èsì ìdánwò ọdún náà ló wó lulẹ̀, ó sì ti gbé e dìde padà, ó tilẹ̀ gbé e kọjá ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Òṣùwọ̀n bi í pé kí ló fà á tí ọdún kan fi burú tó bẹ́ẹ̀, ó dáhùn pé, "Mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń mí ni, sà." Òṣùwọ̀n kò rẹ́rìn-ín. Ìyá, tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ìdáhùn yẹn ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

Oòrùn ti ń kúrò lójú fèrèsé nígbà tí ọmọ náà wọlé tòun ti aṣọ ilé ẹ̀kọ́.

"Ẹ kúuṣẹ́, Mọ́mì. Ẹ kúuṣẹ́, Àǹtí."

Nọ́ọ̀sì wo ojú ìyá, ó wo ojú ọmọ. Ó kó àwọn abọ́ tí ó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, ó ní òun ń lọ fọ̀ wọ́n.

Ọmọ náà jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. "Ṣé Òṣùwọ̀n ti fèsì?"

"Ó ti fèsì." Ìyá wá ibi tí yóò jókòó sí, àga aláìsàn ló sì súnmọ́ ọn jù. "Ọmọ mi, tẹ 'bẹ́ẹ̀ ni' fún ti ìtòsí yẹn. Ilé ẹ̀kọ́ gidi ni. Wàá máa sùn nílé."

"Kí ló wí?"

"Ara rẹ á balẹ̀ níbẹ̀."

"Mọ́mì. Kí ló wí gan-an?"

"Ó ní wọn ò gbà ẹ́."

Ọmọ náà kò sunkún. Ó fojú sílẹ̀ bí ẹni tó ń wá ibi tí ìṣirò ti ṣì.

"Wọn ò gbà mí," ó wí. "Kì í ṣe wọn ò ní gbà mí?"

"Kí ni ìyàtọ̀ wọn?"

"Ìyàtọ̀ wà ńbẹ̀. Mi ò tíì kọ̀wé sí wọn, Mọ́mì. Mi ò tíì kan ilẹ̀kùn ẹnì kankan." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ta wá ni kò gbà mí?"

Ìyá gbé fóònù, ó wá "ní" náà. Kò sí níbẹ̀. Láti òwúrọ̀ ni ó ti ń ka gbólóhùn náà, kò sì fìgbà kan rí i pé kò sí níbẹ̀. Ó gbójú sókè láti dá ọmọ lóhùn. Ẹni méjì péré ló wà nínú yàrá náà, ọmọ tó béèrè, àti òun fúnra rẹ̀.

Ó rọra gbé fóònù padà sórí àwo irin.

"Ẹ̀rù ń bà yín," ni ọmọ náà wí.

"Ó ń bà mí."

"Ó ń ba èmi náà." Ó yí àga rẹ̀ wá. "Ẹ kà á fún mi. Ẹ kà á ní mí."

"Bí ó bá jẹ́ pé dò ló ní lọ́kàn ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ni ilẹ̀kùn fẹnu ara wọn sọ ọ́ fún mi."

Ìyá mí sínú. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹ̀yìn ahọ́n rẹ̀, ó dúró síbẹ̀, bí eyín tó ti mì tí kò fẹ́ jáde. Ọmọ náà nawọ́ sókè, ó yí fìtílà orí àga kúrò lójú rẹ̀.

"Ẹ la ẹnu dáadáa, Mọ́mì," ó wí. "Kò ní dùn yín."

Fóònù gbọ̀n lórí àwo irin. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń fò sára ògiri. Ọmọ kò yíjú sí i. Ìka rẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà, ó ń dúró. Ìyá pẹ̀lú kò nawọ́ sí i. Ó la ẹnu.

"Wọn ó," ni ó wí.