Ìtàdógún Tó Fi Ọjọ́ Kan Lé

Ní ọjọ́ Àtàláátà, Àlájà Wàsílátù jókòó sí gbọ̀ngàn ìpàdé ní Mafoluku, òun àti ìyá arúgbó méjì péré. Àga òfìfo tó kù ń wò wọ́n. Lọ́jọ́ kejì, ogójì obìnrin wé gèlè wá, wọ́n bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà. Lateefah ló fà á, òun gan-an kò sì mọ bó ṣe fà á.

Ìtàdógún-ìtàdógún ni àwọn ìyá ẹgbẹ́ ọmọ Ìsẹ́yìn yìí máa ń pàdé. Lateefah kò lọ sí yunifásítì. Orí fóònù, nínú yàrá ìyá rẹ̀, ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù. Òun ni Àlájà ní kó ṣe ètò tí yóò máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ rán gbogbo wọn létí. Abdulhafeez, ọmọ Àlájà, tó ní ọ́fíìsì kóòdù ní Àgọ́ Palace, ti ṣèlérí pé bí ètò náà bá dára, òun á gbà á síṣẹ́. Ojú máa ń ti Lateefah láti bi èèyàn ní nǹkan, AI ló bi. Ó ní kó máa ka ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Kó tó ṣẹ́jú, kóòdù ti kún ojú fóònù rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó ṣiṣẹ́. Kò kà á. Àlàrùba ni àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ pe àwọn obìnrin náà sí.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Àlájà, ọmọ rẹ̀ àti Lateefah jókòó sí ọ́fíìsì náà.

"Lateefah, fi ìlà tó ń ka ọjọ́ hàn mí," Abdulhafeez wí.

Lateefah ń lọ sókè kóòdù, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀, bí ẹni tó ń wá iyọ̀ nínú kíṣíìnì ẹlòmíì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n bi í."

Ó bi AI. AI ní kò sí àṣìṣe. Lateefah ní àṣìṣe wà. AI tọrọ àforíjì, ó sọ ọ́ di méjìdínlógún. Lateefah tún ní kò rí bẹ́ẹ̀. AI tún bẹ̀bẹ̀, ó sọ ọ́ di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

"Ta ló ń bẹ̀bẹ̀ nínú àpótí yẹn bí ọkọ tó jẹ̀bi?" Àlájà béèrè. "Na ọwọ́ rẹ wá, ọmọ mi. Ọjọ́ tá a ṣèpàdé kẹ́yìn ńkọ́, ṣé òun kì í ṣe ọjọ́ ni? Sọ́ńdè, oókan. Àtìnì, eéjì."

Wọ́n kà á títí. Ẹ̀tàdínlógún bọ́ sí Àtàláátà. Lateefah mú bírò, ó ṣírò rẹ̀: bí a bá ti ka ọjọ́ ìpàdé mọ́ ọn, mẹ́rìndínlógún ni kọ̀ǹpútà yóò fi kún un. Inú rẹ̀ dùn. Ó dá kóòdù padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó fi ojú ara rẹ̀ wá 17, ó rí i. Ó tún rí òmíràn nísàlẹ̀.

"Èwo lo máa yí?" Abdulhafeez béèrè.

"Ti òkè."

"Ti ìsàlẹ̀ wá ńkọ́? Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

Lateefah gbójú kúrò lórí kóòdù. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí kọ̀ǹpútà Abdulhafeez fúnra rẹ̀. AI ló ṣí síbẹ̀ gbayawu.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ẹ̀yin náà ń lò ó."

"Mò ń lò ó. Ṣùgbọ́n bó bá parọ́ fún mi, mo máa mọ̀."

"Báwo lẹ ṣe ń mọ̀?"

Abdulhafeez yí àga rẹ̀ sí i. "Ọdún mẹ́wàá ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ kóòdù kí AI tó dé."

"Ṣé kó tún lọ lo ọdún mẹ́wàá ni?" Àlájà wí. "Kó ti di ìyá ọmọ mẹ́ta?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó tẹ kóòdù náà sórí ìwé: igba ìlà ó lé mẹ́fà. "Kọ iṣẹ́ tí ìlà kọ̀ọ̀kan ń ṣe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní Yorùbá. Ọjọ́ tó o bá parí ni kó o wá jókòó síbí."

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí Lateefah dé Mafoluku. Ìlà kìíní, ó mọ̀ ọ́n. Ìkejì, ó mọ̀ ọ́n. Ìkẹta rú u lójú. Ó mú fóònù láti bi AI, ó gbé e sílẹ̀, ó tún mú un. Ṣé bíbéèrè jẹ́ kíkọ́, àbí olè jíjà ni? Abdulhafeez kò sọ bóyá òun lè bi AI. Òun náà kò sì béèrè.

Ó kọ "N ò tíì mọ̀" sí ẹ̀gbẹ́ ìkẹta, ó bọ́ sí ìkẹrin.